Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tó Di Odidi Wàhálà

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ irú ẹni tó ní lọ́kàn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú sí nígbà tí àlejò wọlé ni, tó dìde kúrò lórí àga, tó gbé omi wá, tí kò sì dúró wo àlejò lẹ́nu nígbà tó ń jẹun. Ìyá kò la ẹnu. Ojú lásán ló fi ránṣẹ́, ẹ̀kọ́ ilé ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wò ó dáadáa: ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kò sọ ara rẹ̀ di odidi, inú ọmọ náà ló ti rí ìdajì tó kù.

Àwa ọmọ ayé òde òní wá gba òwe yìí lọ́wọ́ ọmọ, a gbé e lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. A jókòó síwájú rẹ̀, a sọ ìdajì, a dìde, a lọ jẹ ìrẹsì ọ̀fadà, a padà wá gba odidi. Odidi sì máa ń dúró dè wá lóòótọ́. A kì í béèrè ta ló ni ín.

Nínú gbogbo èdè tí ọmọ ènìyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, mi ò mọ èyí tó gba ààbọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ra tó èyí tí wọ́n ń pè ní R. Lẹ́tà kan péré ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ààbọ̀ ni. Ní 1976, John Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè kan tó ń jẹ́ S, kí oníṣirò lè jókòó ti ẹ̀rọ, kó bi í ní ìbéèrè, kó rí èsì lójú ẹsẹ̀, kó tún bi í ní òmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ross Ihaka àti Robert Gentleman ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand ṣe èyí tó jọ ọ́. R ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi sọ ọmọ náà lórúkọ. Ẹ̀dà 1.0.0 jáde ní 29 February 2000, ọjọ́ tí kì í yọjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún mẹ́rin. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń wádìí àrùn ń lò ó, ẹni tó ń wádìí irúgbìn ń lò ó, báńkì ń lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò ó jù. Nítorí pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n tọ́ ọ bí ọmọ tó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lọ́kàn àgbà. Ohun tí ẹ kò bá sọ, òun á bá yín sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sí Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta, ká wo bí ìwà yìí ṣe máa rí lọ́jà. Ẹ mọ Kútọ̀: abẹ́ bíríìjì níbi tí wọ́n ti ń pe Èkó, tí wọ́n ń pe Ìbàdàn, tí wọ́n ń pe Ṣàgámù, pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ M.K.O. Abíọ́lá, gbọ̀ngàn àṣà tó ń jẹ́ June 12, àti ọjà fúnra rẹ̀, tí ata, tòmátò, iṣu, gàrí àti fùfú ti ń fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ká ní ọmọ ọ̀mọ̀wé kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ kó ìwé àwọn ìyá ọlọ́jà sínú R.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o," ni ọ̀kan nínú wọn máa wí. "Ṣùgbọ́n ìwé wa ò sọnù o."

Ọmọ wa á rẹ́rìn-ín. Á ní ìwé lásán kò lè ṣe ìṣirò.

Ó kọ orúkọ wọn, nọ́ńbà ìsọ̀ wọn, ohun tí wọ́n ń tà, ó wá kan bóyá ọkùnrin ni wọ́n tàbí obìnrin. Lẹ́tà kan péré ló fi kọ ìyẹn bí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe: M fún ọkùnrin, F fún obìnrin. Ká ní obìnrin ni gbogbo wọn: F, F, F, látòkè délẹ̀. Ó ní kí R ka fáìlì náà. Àwọn àgbà tún ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. R wo ilé lóòótọ́. Ó wo òpó náà láti orí dé ìdí, kò rí ohun mìíràn ju F lọ. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, F ni ìkékúrú FALSE, ìyẹn irọ́. Ó bá sọ gbogbo wọn ní FALSE. Aláta, irọ́. Onígàrí, irọ́. Ìyálọ́jà pẹ̀lú gèlè rẹ̀, irọ́. Ọmọ wa ní kó ka iye F tó wà nínú òpó náà, kí òun lè mọ iye obìnrin tó wà lọ́jà. R ní òdo.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan ṣoṣo, bóyá alápatà, wá fi orúkọ sílẹ̀. M kan wọ inú òpó. R tún ilé wò, ó ní háà, lẹ́tà lásán nìwọ̀nyí, ó sì dá gbogbo obìnrin padà sí ipò wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọkùnrin kan kò bá tíì dé, obìnrin kò tíì sí. Ìlú wo ni wọ́n sì ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Abẹ́òkúta ni, níbi tí àwọn obìnrin tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti fi ọ̀rọ̀ owó orí mú ìlú gbóná títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ká ní àwọn Òyìnbó ìgbà náà ní R ni, wọn ì bá ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn pé iye obìnrin tó ń fẹ̀hónú hàn jẹ́ òdo. Àwọn obìnrin náà ì bá sì fara mọ́ ọn kíákíá, torí irọ́ kì í san owó orí.

Ọmọ wa kúrò níbẹ̀, ó dé orí owó. Ẹni mẹ́rin ló bi léèrè iye tí kóńgò ọjà wọn jẹ́. Ẹnì kìíní ní 500, ẹnì kejì ní 200, ẹnì kẹta ní 1000. Ẹnì kẹrin kò ní ọjà lọ́jọ́ náà, ọmọ wa sì kọ "kò sí" sí àyè tirẹ̀. Gbólóhùn kékeré yìí tó láti sọ gbogbo òpó dìdàkudà, nítorí bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ àárín nọ́ńbà, R á gba gbogbo wọn sí ọ̀rọ̀. Títí di 24 April 2020, tí ẹ̀dà 4.0.0 jáde, kì í fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á sọ wọ́n di ohun tí wọ́n ń pè ní factor: á tò wọ́n bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń to ọ̀rọ̀, á sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìjókòó. 1000 jókòó síwájú torí pé 1 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 200 tẹ̀lé e, 500 ṣe ìkẹta, "kò sí" gbẹ̀yìn. Ọmọ wa rántí pé owó ni, ó ní kí R dá wọn padà sí nọ́ńbà. R gbọ́ ààbọ̀, ó gbé odidi fún un: 3, 2, 1, 4. Nọ́ńbà ìjókòó ló kó jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjà 1000 náírà ṣe di náírà kan, tí ọjà tí kò sí rárá sì wá wọ́n ju gbogbo wọn lọ, náírà mẹ́rin gbáko. Ó ro wọ́n pọ̀, ó pín in sí mẹ́rin: náírà méjì ààbọ̀. Ó ní kí R sọ ààbọ̀ yẹn di odidi, R ní méjì. Lọ́jọ́ kejì ó gbé mẹ́ta ààbọ̀ fún un, R ní mẹ́rin. Méjì ààbọ̀ wálẹ̀, mẹ́ta ààbọ̀ gòkè. Òfin wà nídìí ẹ̀: ààbọ̀ á lọ sọ́dọ̀ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, kí ìṣirò má baà máa fì sápá kan. Òfin tó dára ni. Ọmọ wa ni kò bi í.

Láti 2020, R ti ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀. Ìyẹn náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá bi í nínú òpó ọlọ́rọ̀ bẹ́ẹ̀ pé èwo ló pọ̀ jù nínú 9000 àti 10000, á ní 9000, nítorí pé lójú ẹni tó ń to ìwé atúmọ̀ èdè, 9 ń bọ̀ lẹ́yìn 1. Ẹ ò lè sọ pé ó purọ́. Ohun tí ẹ fún un ló fi dáhùn.

Ó wá rẹ ọmọ wa láti máa tẹ orúkọ gígùn. Ó fi T dúró fún agbọ̀n tòmátò, ó fi F dúró fún fùfú. TRUE àti FALSE, òótọ́ àti irọ́, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí R ti tì pa. Kò sẹ́ni tó lè yí wọn padà. Ṣùgbọ́n ìnagijẹ lásán ni T àti F, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á jẹ́. Ó ní F jẹ́ 40, ìyẹn fùfú 40. Láti ìgbà náà, níbikíbi tó bá ti kọ F láti fi sọ fún R pé "má ṣe é", 40 ni R ń kà, nọ́ńbà tí kì í bá sì ṣe òdo, "bẹ́ẹ̀ ni" ló jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fùfú sọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" di "bẹ́ẹ̀ ni".

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá àdánù ọjọ́ náà ju 500 lọ. Ó kọ ọ́ báyìí: if (èrè<-500). Lọ́kàn tirẹ̀, ó ń béèrè bóyá èrè ti rì kọjá òdì 500. Kò fi àyè sáàárín àwọn àmì náà. Lọ́dọ̀ R, < tó bá fara kan - ti di ọfà, ọfà ni wọ́n sì fi ń gbé nǹkan sínú igbá. R kò dáhùn ìbéèrè. Ó gbé 500 sínú èrè, ó ní òótọ́ ni. Ẹni tó wá béèrè bóyá òun ti wọ gbèsè gba èrè 500 náírà, ó lọ sílé. Mo mọ àwọn olóṣèlú tó máa ra ẹ̀rọ yìí ní iyekíye.

Owó ọkọ̀ ló tún kàn. Obìnrin mẹ́fà ló wà nínú ìwé, owó ọkọ̀ ẹni méjì péré ni ọmọ wa mọ̀: 300 àti 700. Ó ní kí R rò ó mọ́ iye ọjà wọn. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé á béèrè pé: àwọn mẹ́rin tó kù ńkọ́? R kò béèrè. Ó ro 300 mọ́ ti ẹnì kìíní, 700 mọ́ ti ẹnì kejì, ó padà sí 300, ó padà sí 700, títí ó fi kárí wọn. Ìyá tó fẹsẹ̀ rìn wá láti ẹ̀yìn ọjà san owó ọkọ̀. Lọ́jà, ènì ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n bá bù kún un láìgba owó. Ti R yìí, ènì tí a kò béèrè ni, ẹni tí kò wọkọ̀ ló sì san owó rẹ̀.

Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, tí méjì kò lè kárí márùn-ún dọ́gba, R á ṣe é bákan náà, ṣùgbọ́n á kọ ìkìlọ̀ sísàlẹ̀ pé gígùn ọ̀kan kò bá ti èkejì mu. A sì mọ ohun tí à ń fi ìkìlọ̀ ṣe nílẹ̀ yìí. Ògiri tí wọ́n kọ "Má tọ̀ síbí" sí lára ló máa ń rùn jù. Ilé tí wọ́n kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sí lára, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ wa ka ìkìlọ̀ náà, ó ní, "Kò ṣáà sọ pé mo ṣe àṣìṣe," ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Òpó kan wà nínú ìwé náà tó ń jẹ́ gbèsè_àná. Ọmọ wa gbàgbé, ó tẹ ọjà$gbèsè, ó rò pé gbèsè tòní lòun ń béèrè. Kò sí òpó tó ń jẹ́ gbèsè lásán. R kò sọ bẹ́ẹ̀. Òwe wa gan-an ni àmì $ yẹn ń tẹ̀ lé: ó gbọ́ ààbọ̀ orúkọ, ó wò yíká, ó rí gbèsè_àná, ó ní ohun tí ẹ ní lọ́kàn nìyí, ó gbé e sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìyá tó ti san gbèsè àná tún rí agbowó lẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bú ọmọ wa tán, ó fi òpó kejì kún un, gbèsè_òní. Wàyí, gbèsè ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ méjèèjì. R wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò mọ èyí tí òun ì bá yàn, ó sì mú òfìfo wá, láìkìlọ̀. Ọmọ wa ní kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àròpọ̀ òfìfo, òdo ni. Gbèsè tán lọ́jà Kútọ̀! Ìjọba tí gbèsè bá ń dà láàmú, ẹ gbọ́ o: ẹ pín in sí orúkọ méjì, ẹ wá fi ààbọ̀ orúkọ pè é.

Èésú ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ìyá ń dá èésú, wọ́n sì gbà kí R máa ṣà wọ́n bí ẹni ṣẹ́ gègé: ẹni tí nọ́ńbà ìsọ̀ rẹ̀ bá jáde lá kó o lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó kù. Ọ̀rọ̀ tí R fi ń ṣe é ni sample. Ọ̀sẹ̀ kìíní dára, ìkejì dára, títí ó fi ku ẹnì kan ṣoṣo, ìyá tó wà ní ìsọ̀ 12. Kí ló tún kù láti ṣà? Ọmọ wa kò yí nǹkan kan padà, ó ní kí R ṣà nínú àwọn tó kù. R rí 12 nìkan. Ó ní, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó ní láti jẹ́ pé láti 1 dé 12 ni wọ́n fẹ́ kí n ti ṣà. Ó ṣà, 7 jáde. Ìyá ìsọ̀ 12 tó fi sùúrù dúró dé ìparí jókòó, ó ń wo ìyá ìsọ̀ 7 tó ti kó tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní bó ṣe ń kó o lẹ́ẹ̀kejì. Òun nìkan ló kù, síbẹ̀ ìrètí rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú méjìlá. Ìjà tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, kò sí èdè kọ̀ǹpútà tó lè là á.

Ìparí ọdún dé, ó fẹ́ yọ orúkọ àwọn tó ti fi ọjà sílẹ̀. Ó ní kí R wá wọn, kó sì yọ wọ́n. Lọ́dún tí ẹni méjì lọ, R yọ méjì. Lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kò lọ, R yọ gbogbo wọn. Ìdí rẹ̀ rèé: ó wá àwọn tó lọ, ó rí òfìfo, ó yí òfìfo sí òdì, òfìfo náà ló ṣì jẹ́, ó wá gbọ́ ọ bí ẹni pé òfìfo ni wọ́n ní kí òun mú wá. Ọdún tí kò sẹ́ni tó kú ló sin gbogbo ọjà. Bákan náà, bí ó bá ń ka àwọn onígbèsè láti 1 dé iye tí wọ́n jẹ́, tí wọn kò sì sí rárá, kò ní jókòó. Á ka 1, á padà sẹ́yìn ka 0, á sì rán agbowó sí ilé onígbèsè méjì tí kò sí láyé.

Ẹ má rò pé nínú nọ́ńbà nìkan ló mọ. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní 1859. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ èdè wa níbẹ̀. Ẹ wá ní kí R ka iye àmì tó wà nínú Ẹ̀gbá. Lójú tiwa, lẹ́tà mẹ́ta ni: Ẹ, gb, a. Lójú R, ó lè jẹ́ márùn-ún, ó lè jẹ́ méje, nítorí pé kọ̀ǹpútà kan lè kọ Ẹ ní odidi kó fi àmì ohùn lé e, òmíràn á kọ E lọ́tọ̀, á kọ ìdí rẹ̀ lọ́tọ̀, á kọ ohùn rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀, ojú ò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ bi R bóyá Ẹ̀gbá àti Ẹ̀gbá jẹ́ ọ̀kan náà. Á ní rárá. Ọmọ Lísàbí méjì jókòó lórí ẹní kan náà, R ní wọn kò bára tan.

Kí n má baà dá a lẹ́bi tán, ibì kan wà tí R ti jẹ́ ọmọlúàbí pátápátá. Ó ní àmì kan fún ohun tí a kò mọ̀: NA. Bí iye ọjà ẹnì kan nínú mẹ́fà bá jẹ́ NA, tí ẹ sì ní kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á ní òun kò mọ̀. Ẹ bi í bóyá ohun kan tí a kò mọ̀ dọ́gba pẹ̀lú òmíràn tí a kò mọ̀. Á ní òun kò mọ̀. Àgbà ń sọ̀rọ̀. Ìyá méjì tí a kò mọ ọjọ́ orí wọn, ta ló lè búra pé ẹgbẹ́ ni wọ́n? Kí ni ọmọ wa sì ṣe níbi tí ẹ̀rọ ti sọ òótọ́ yìí? Inú bí i. Ó tẹ na.rm=TRUE, ìyẹn ni pé kí R kó gbogbo ohun tí a kò mọ̀ dànù, kó sì fún òun ní nọ́ńbà. Níbi tí R ti ń parọ́ mọ́ni, a gbà á gbọ́. Níbi tó ti ní òun kò mọ̀, a pa á lẹ́nu mọ́. Ká tó kúrò níbẹ̀: lẹ́tà méjì tí gbogbo ayé fi ń kékúrú orílẹ̀-èdè Namibia, NA ni. Bí fáìlì bá wọlé láìsí àlàyé, odidi orílẹ̀-èdè di ohun tí a kò mọ̀.

R nìkan kọ́ ló ń hu irú ìwà yìí. Excel ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ àti ìran ní apilẹ̀ àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní SEPT2. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sí Excel, á di ọjọ́ kejì oṣù September. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ja ìjà náà. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ apilẹ̀ àbùdá lórúkọ juwọ́ sílẹ̀, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí SEPTIN2. Wọ́n wo ilé títí, ẹ̀rọ ló padà sọ ọmọ wọn lórúkọ. Lọ́dún kan náà, ní England, fáìlì Excel irú ti àtijọ́ tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ ló jẹ́ kí orúkọ 15,841 ènìyàn tó ní Kòfíìdì má wọ inú ìròyìn ojoojúmọ́. Ààbọ̀ ìwé ni, wọ́n kà á sí odidi.

Ṣé R ló wá ya òpònú? Ẹ padà sí Kútọ̀ kí ẹ gbọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń tajà. "Kóńgò mélòó? Ti dúdú àbí ti funfun? Èyí tí mo kó jọ lórí ni tàbí èyí tí mo rẹ́?" Bí ẹ bá na owó sí wọn, wọ́n á dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á: "Ẹgbẹ̀rún kan lẹ fún mi o. Ẹgbẹ̀ta lọjà yín. Ṣẹ́ńjì yín rèé, irinwó." Obìnrin tó lè fi ojú lásán lé ọmọ kúrò nídìí àlejò kì í fi ojú sọ ọ̀rọ̀ owó. Ó mọ ibi tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ parí sí. Inú ilé ni òwe yẹn ń gbé. Kò bá ẹnikẹ́ni dé ẹnu ìsọ̀ rí. Ọmọ wa tó fi kọ̀ǹpútà ṣe fọ́ńté ni kò mọ̀, òun ni ẹ̀kọ́ ilé sì kù díẹ̀ káàtó fún.

Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. R ni a rán níṣẹ́ ọmọ tó fi tẹrú jẹ́ ẹ, torí pé kò ní inú tí ọ̀rọ̀ lè dé. Odidi ọ̀rọ̀ sì wà tí a lè sọ fún un, kò sì wọ́n. Kí ẹ tó ka fáìlì wọlé, ẹ fi colClasses sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni òpó yìí, nọ́ńbà ni tọ̀hún. Ẹ kọ TRUE àti FALSE tán pátá, kí ẹ fi T àti F sílẹ̀ fún tòmátò àti fùfú. Ẹ fi àyè sáàárín < àti -. Ẹ fi àmì [[ ]] pe òpó ní odidi orúkọ rẹ̀. Bí kò bá sí, R kò ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi seq_len ka ohun tó lè jẹ́ òdo. Bí èésú bá ku ẹnì kan, ẹ gbé owó fún un, kí ẹ má ṣẹ́ gègé kankan. Bí ìkìlọ̀ bá jáde, ẹ dúró kà á, ẹ má ṣe é bí ara ògiri.

Ní 2020, ogún ọdún lẹ́yìn ẹ̀dà 1.0.0, àwọn tó ń tọ́jú R gbà pé kò yẹ kó máa sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ di factor láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá a dúró. F kò sí nínú àtúnṣe náà. Bí òpó kan bá jẹ́ F látòkè délẹ̀ lónìí, tí ẹ sì sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún R, irọ́ ni yóò pe gbogbo obìnrin inú rẹ̀.